Ewúrẹ́ Lórin, Ìyá Ọkọ Mi Ò Lórin

Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án, wọn a máa wo àwọn àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà tó ń sáré kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní kàtúùnù. Èmi á wà lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa ń ké sí wọn pé, "Ẹ ṣọ́ra o, olè ti fẹ́ wọlé!" Kò ní í pẹ́ tí olè á fi wọlé lóòótọ́, àwọn ọmọ á sì pariwo. Èyí tó kéré jù nínú wọn gbà pé àjẹ́ ni mí. Mi ò tíì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́, torí ó ń jẹ́ kó tètè jẹun tán.

Orin ló ń sọ fún mi. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà, etí lọ̀rọ̀ wà. Orin á ti dé kí ẹni tó ni ín tó yọjú. Bí orin bá ní ẹnì kan kì í ṣe èèyàn gidi, bó rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò ní í gbà á gbọ́. Ìlobùú ni mo ti kọ́ èyí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní in lọ́kàn láti kọ́ mi ní nǹkan kan, torí láyé ìgbà yẹn kò fẹ́ràn mi rárá.

Ọmọ Ìfọ́n ni mí. Ọmọ Ìlobùú lọkọ mi, káfíńtà ni. Ó wá kan ilẹ̀kùn iléèwé kan nílùú wa, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó gbogbo ọmọ síléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì pẹ́ nídìí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ju bó ti yẹ lọ, nítorí ilé wa kọjú sí i. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà fi máa dúró dáadáa, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ru iṣu wá sílé wa. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra. Ẹni tó bá gbéra ní Ìlobùú láàárọ̀, oòrùn ò tíì ní í mú tó fi máa dé Ìfọ́n, bí kò bá dúró kí èèyàn púpọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń bẹ láàárín wọn, ó sì ti ń bẹ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí mi. Bàbá ìyá ọkọ mi ní oko kan tó bọ́ sí ààlà, wọ́n fà á títí, oko náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ò gbàgbé. Lójú tirẹ̀, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ká ilẹ̀ náà bí ẹní, tí mo sì dì í mọ́ ẹrù ìyàwó mi.

"Ará Ìfọ́n" ló ń pè mí. "Ará Ìfọ́n, lọ pọnmi." "Ará Ìfọ́n, ewúrẹ́ ń jẹ èlùbọ́." Kì í bú mi, kì í sì í kọ oúnjẹ mi. Ohun tí mo bá sè, ó máa ń jẹ ẹ́ tán, á sì dá abọ́ padà láìsọ pé ó dùn tàbí kò dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyàwó tó kù nínú agbo ilé wa, "ìyàwó mi" ni ìyá ọkọ wọn ń pè wọ́n. Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Mò ń fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń gbọ́ ọ lójú àlá, n óò sì jí, n óò gbọ́ "Ará Ìfọ́n" lójúde.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, tí ìyàwó wọlé lónìí, ọkọ ìyàwó náà ni. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn tó máa fi pè é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa pe èèyàn ní Eyínfúnjowó, ní Ìbàdíàràn, orí ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ á sì wú. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ẹni tí mo kọ́kọ́ fẹnu ara mi pè ní Adúmáadán, pupa fòò ni. Ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀rọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn fúnra wọn.

Orin ni nǹkan tí mo mọ̀. Ní Ìfọ́n, bí àwọn ọmọge bá ń kọ wákà, èmi ni mo máa ń lé, tí àwọn tó kù á máa gbè. Nítorí náà, nígbà tí orúkọ ò bá mi lẹ́nu mu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin pe àwọn ará ilé ọkọ mi. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. N óò kàn pa ẹnu dé, n óò máa kùn ún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, tó jẹ́ pé bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, á kọ́kọ́ rò ó kó tó gbé ìkejì, mo fún un ní orin kan tó ń fà, tó ń dúró sinmi láàárín. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí kì í rìn láyé rẹ̀ àfi kó sáré, orin tirẹ̀ kì í lè dé ìparí kí èémí tó tán. Ọmọdé kan wà nínú agbo ilé tó ti hu eyín iwájú kó tó di pé mo wọlé, nítorí náà "ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é. Ó fẹ́ràn àkàrà. Orin tirẹ̀ máa ń parí lókè, bí ìbéèrè. Kódà ewúrẹ́ ilé wa lórin. Ọ̀dájú ewúrẹ́ ni, ó sì mọ ìgbà tí èèyàn ń tòògbé. Mo fún un ní orin yíyọ́ rìn. Nígbà tó yá, bí mo bá ti kùn ún lẹ́yìnkùlé, àwọn tó wà lójúde á ti sáré lọ bo èlùbọ́ kí wọ́n tó gbójú sókè wo ewúrẹ́.

Ìyá ọkọ mi nìkan ni ò lórin. Mi ò dán an wò. Aláró ni. Ìkòkò aró rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ibẹ̀ ló ń wà láti àárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Bó bá rẹ aṣọ tán tó gbẹ, á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, á fi kùmọ̀ igi lù ú títí á fi máa dán. Àwọn aláró mìíràn a máa kọrin sí iṣẹ́ wọn. Òun ò kọrin rí. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, ńṣe ni mo máa ń dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí mọ́tò sinimá ìjọba fi dé Ìlobùú. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá kan sórí ọ̀pá méjì ní pápá iléèwé, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí òkèèrè kí ariwo rẹ̀ má baà di wá létí. Gbogbo agbo ilé wa ló jáde ní kété tí wọ́n kírun alẹ́ tán. A gbé ẹní, a gbé àpótí. Ìyá ọkọ mi gbé àpótí tó fi ń jókòó ti aró, ó sì gbé e síwájú gbogbo èèyàn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí mo ti lè tètè dáhùn bó bá fẹ́ omi.

Wọ́n kọ́kọ́ fi bí a ṣe ń fọ ọwọ́ hàn wá. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ń fi omi ṣòfò débi pé ìyá ọkọ mi bínú sí i. Ó ní ẹni tí kì í pọnmi fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ báyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gbẹ́ni tó mú gbohùngbohùn lọ́wọ́ sọ pé eré ló kù. Ó ní àwọn ẹranko tí a máa rí kì í ṣe ẹranko gidi, pé èèyàn ló fọwọ́ yà wọ́n tó fi di pé wọ́n ń rìn. Ó ní kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà òun ò ní ohun tí òun máa túmọ̀, kí a ṣáà máa gbọ́ orin. Ó jókòó, ó kó ẹ̀pà jáde lápò, ó ń jẹ ẹ́.

Adìẹ kan jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Fèrè kékeré kan ń tẹ̀lé e, tìrì-tìrì-tìrí. Bí adìẹ bá dúró, fèrè á dúró. Bó bá ṣa nǹkan jẹ, fèrè náà á ṣa nǹkan jẹ. Mo gbọ́ ọ, ara mi sì ta gìrì. Ohun tí mò ń ṣe lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń ṣe! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹlòmíràn rí i bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi gún mi ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, wọ́n ti jí iṣẹ́ rẹ!"

Òbúkọ arúgbó kan ló tún jáde. Ìwo rẹ̀ gùn, irùngbọ̀n rẹ̀ rí játijàti, ojú rẹ̀ kan fọ́. Àwọn èèyàn pòṣé sí i, torí wọ́n gbà pé òun ni ọ̀tá adìẹ. Ṣùgbọ́n orin tó ń tẹ̀lé e tóbi, ó rọra ń lọ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, bí bàbá àgbà tó jẹun yó. Ìyá ọkọ mi ò yíjú padà. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni burúkú. Ẹ ò gbọ́ orin rẹ̀ ni?"

Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tí kì í kọrin ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò sì pẹ́ tí òjò ṣú nínú àwòrán náà, tí òbúkọ la ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ní kí àwọn ọmọ adìẹ wọ abẹ́ ikùn òun. Gbogbo pápá ké pé háà! Èmi kò tilẹ̀ wo òbúkọ mọ́. Ẹ̀yìn ọrùn ìyá ọkọ mi ni mò ń wò, torí ó ń mì díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé fèrè.

Ìgbà tó yá ni fèrè ńlá kan dún nísàlẹ̀, gbùú-ùn, gbùù, gbùúù. Òjìji kan kọjá lórí koríko. Àṣá ni. Ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí fèrè ńlá náà tún dún, kò sí òjìji, kò sí àṣá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, adìẹ sì ń jẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Síbẹ̀ gbogbo Ìlobùú ló figbe ta: "Adìẹ! Àṣá ń bọ̀!" Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Orin ti wọ̀ wá lára. Adìẹ náà nìkan ni kò gbọ́ ohun tí gbogbo wa ń gbọ́, ìyẹn ló sì mú kí àyà wa máa já.

Àṣá já wálẹ̀ lóòótọ́. Adìẹ na ìyẹ́ méjèèjì, ó dúró níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Àṣá ń tóbi sí i lórí aṣọ, ó ń tóbi, fèrè ńlá ń bú ramúramù, títí àṣá fi gba gbogbo aṣọ, tí èékánná rẹ̀ nìkan tó ọkùnrin kan. Ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yàgò fún mi. Ẹnì kan kọlu ọ̀pá kan, aṣọ funfun wó lé àwọn ará iwájú lórí, àṣá sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ìyá ọkọ mi jáde lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́pà ti pa ẹ̀rọ, ó ń ká okùn. A ò rí ìparí eré náà.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti di èèyàn ńlá. Orin tí mò ń kùn, tó jẹ́ pé wọ́n ń fara dà á tẹ́lẹ̀ ni, di sinimá. Àwọn ará agbo ilé mìíràn ń wá bá mi pé kí n fún àwọn náà lórin. Obìnrin kan ní òun ò fẹ́ tìrì-tìrì, kí n fún òun ní tìlù-tìfọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà bi mí bóyá bí òun ṣe ń rìn nìyẹn lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú sà. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì." Ó lọ, ó rò ó. Láti ìgbà náà ló wá ń rìn bí orin náà gẹ́lẹ́, ó ń fà, ó ń dúró sinmi, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ọba tó ń wo oko. Èmi ni mo fi ìrìn rẹ̀ ṣe orin, lẹ́yìn náà lorin wá ń kọ́ ọ ní ìrìn. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Bí inú èèyàn bá sì ti dùn jù, kó máa wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wa wà lójúde. Ìyá ọkọ mi rẹ aṣọ tán, ó na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ, ó fi aṣọ aró tútù kọ́ wọn, dúdú kirikiri, ó ń jáde bọ̀ látabẹ́ ọ̀dán láti lọ sá a. Ọkọ mi kékeré wò ó. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ó fi ẹnu tó kún fún àkàrà kùn ún síta: gbùú-ùn, gbùù, gbùúù.

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, torí ó bá a mu gan-an ni. Ìyá ọkọ mi dúró pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Aró ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Kò wo ọmọ náà rárá. Èmi ló wò. Ta ló ń fún èèyàn lórin nínú ilé yìí? Bí mo bá búra lórí ohunkóhun pé èmi kọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ó sá aṣọ rẹ̀, ó padà sídìí aró. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí mọ́, kódà ní Ará Ìfọ́n. Bó bá fẹ́ omi, á dìde lọ pọn ọ́n. Mi ò mọ̀ pé n óò máa pòùngbẹ "Ará Ìfọ́n" láyé mi.

Mo ní kí ọkọ mi bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́, ìyá òun sì ní kò sọ́rọ̀ nílẹ̀. Obìnrin tó bá ní kò sọ́rọ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọkọ mi, mo lọ kí ìyá mi ní Ìfọ́n.

Mo rò pé ìyá mi á gbè mí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá ní, "Ẹ̀bi rẹ ni."

Mo ní, "Ìyá, èmi kọ́ ni mo kùn ún! Ọmọdé ni!"

"Mo gbọ́. Gbogbo ilé lo fún lórin. O fún ewúrẹ́. Ìyá tó bí ọkọ rẹ, o fi í sílẹ̀ lásán. Ẹni tí ò ní aṣọ tirẹ̀, bí wọ́n bá gbé aṣọ ẹlòmíì wọ̀ ọ́, ṣé kò ní í bọ́ sí i lára?"

Mo ti rò pé ọ̀wọ̀ ni mo fi ń dákẹ́ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ mi náà ń dún létí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni mọ́tò sinimá dé Ìfọ́n. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Gbogbo Ìfọ́n ti gbọ́ pé àṣá kan tú Ìlobùú ká, wọ́n sì ti pinnu pé bí àṣá náà gbé èèyàn lọ, àwọn ò ní í mira. Àwọn géndé gbẹ́ ihò jíjìn fún ọ̀pá aṣọ, wọ́n fi òkúta dì í. Bí èmi àti ìyá mi ṣe jókòó, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láàárín èrò, tó fi ìborùn wé orí, tó gbé àpótí kékeré kan lọ́wọ́. Mo mọ àpótí yẹn, aró wà lára rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ìyá ọkọ mi ò tíì tẹ Ìfọ́n láti ọjọ́ tí oko bàbá rẹ̀ ti bọ́. Nígbà ìgbéyàwó mi gan-an, ó rán èèyàn ni. Ìyá mi dìde, ó kúnlẹ̀ kí àna rẹ̀. Èmi ti wà nílẹ̀ ṣáájú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àna wa," ìyá ọkọ mi ní. "Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? A ò bá yín níbi." Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín èmi àti ìyá mi, ó jókòó. "Mo wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí ni."

Ìyá mi gbójú sí òkè. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Adìẹ jáde, òbúkọ jáde. Nígbà tí fèrè ńlá dún, Ìfọ́n pariwo pé "Àṣá ń bọ̀!" gẹ́gẹ́ bí Ìlobùú ṣe pariwo. Ìyá ọkọ mi ò mira. Ó fetí sílẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Àṣá já wálẹ̀, ó gba gbogbo aṣọ. Mo rí ọkùnrin kan tó di àga rẹ̀ mú, tí òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sá. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ohun tí Ìlobùú sá fún náà nìyí?"

Ìyá ọkọ mi yíjú padà. "A ò sá," ó ní. "A yà fún un ni."

Nítorí pé Ìfọ́n ò sá, a rí ìparí. Adìẹ ò yẹsẹ̀, òbúkọ fi ìwo tì í lẹ́yìn, àṣá sì fò lọ lọ́wọ́ òfo. Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n àwòrán náà tẹ̀lé e. Ó ń fò lọ, ó ṣíwọ́ lọ́nà kó lè gbé alángbá kan, ó sì bà sórí igi gíga kan. Ìtẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ lanu sókè. Orin tí mo gbọ́ nígbà náà, orin àṣá náà ni, kò yẹ̀ níbì kan, gbùú-ùn, gbùù, gbùúù. Àmọ́ fèrè ńlá ti dákẹ́. Fèrè kékeré adìẹ ló ń fun ún, ó ń fun ún jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Orin tó ti ń dẹ́rù bà wá láti ìrọ̀lẹ́, orin ìyá ọlọ́mọ ni tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, a ò jẹ́ kó parí ni.

Wọ́n pa iná ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn ń dìde. Ìyá ọkọ mi ṣì jókòó. "Ó lọ́mọ," ó ní.

Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo fún yín. Ẹ ò tíì lórin ni. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Ewúrẹ́ lórin."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ewúrẹ́ tó ń jẹ èlùbọ́ mi."

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá ọkọ mi gbé àpótí rẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù. "Bí ẹ bá máa fi ti àṣá pè mí," ó ní, "ẹ fi ti ìparí yẹn pè mí. Ẹ má fi ti àárín." Ó kí àna rẹ̀, ó sì lọ sílé ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tó ń gbé nítòsí, níbi tó máa sùn mọ́jú. Kó tó jìnnà, ó wẹ̀yìn. "Ará Ìfọ́n, má pẹ́ jù."

Inú mi dùn pé ó tún pè mí. Ó sì dùn mí pé ohun tó pè mí náà nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ ìyá mi, mò ń ṣe orin ìyá ọkọ mi. Mo mú ti àṣá nínú ìtẹ́, mo sì fi ìró kùmọ̀ rẹ̀ sí i, pò, pò, nísàlẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun ni, kì í ṣe ẹyẹ. Mo kùn ún títí ìyá mi fi ní kí n máa lọ sílé ọkọ mi.

Mo dé Ìlobùú lọ́sàn-án, mo ru agbọ̀n iṣu tí ìyá mi ní kí n gbé fún àna òun. Ojúde dá. Ìyá ọkọ mi nìkan ló wà lábẹ́ ọ̀dán, ó kọ ẹ̀yìn sọ́nà, ó ń lu aṣọ. Mo ti múra láti kun orin rẹ̀. Kí ohùn mi tó jáde, mo gbọ́ orin.

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ti adìẹ, kì í ṣe ti òbúkọ, kì í ṣe èyí tí mo fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ohùn náà gbó, ó há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ìgbà pípẹ́. Ó yára bẹ̀rẹ̀, ó ń sáré bọ̀ bí ẹni tó ń kánjú dé ilé, lójijì ó wá dúró, ó fà sẹ́yìn, ó ń bẹ̀rù láti wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá rọra wọlé. Ìyá ọkọ mi ló ń kùn ún. Kùmọ̀ rẹ̀ ò dúró, kò sì yíjú padà.

Mo mọ ohun tí orin túmọ̀ sí nínú ilé yìí. Ẹnì kan ń bọ̀. Mo wẹ̀yìn wò kí n lè yà fún un lọ́nà. Kò sẹ́nì kan lójú ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí títí dé ibi tí ó ti yà. Ẹsẹ̀ mi di gan-in sílẹ̀ tòun ti agbọ̀n lórí.

"Kí lo dúró wò?" ìyá ọkọ mi ní, ó ṣì kọ ẹ̀yìn sí mi. "Ìwọ ni, ìyàwó mi."